Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè

Àwọn baba wa ló sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pa òwe yìí, ohun tí a sábà máa ń fi kọ́ ara wa ni pé kí ọmọdé ran àgbà lọ́wọ́, kí àgbà náà ran ọmọdé lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú òwe náà tí a kì í sábà yà sí. Òwe náà sọ pé ibì kan wà nínú ilé tí ọmọdé lè dé, tí àgbà kò lè dé. Kò sọ pé àgbà kò fẹ́ débẹ̀. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò wọ ibẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tó bá wà lókè wa, ṣé dandan ni kó lè ṣe gbogbo ohun tí àwa tí a wà nísàlẹ̀ lè ṣe? Bó bá jẹ́ ọ̀gá wa, ṣé gbogbo ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ wa ń ṣí ni tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣí? Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ nípa ìṣèlú nìyẹn. Rárá o. Àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè yìí lójoojúmọ́ ni àwọn tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í kà á sí ìbéèrè rárá. Wọ́n á ya àtẹ̀gùn kan sórí ìwé, wọ́n á ní ẹni báyìí ló wà lókè, ẹni báyìí ló wà nísàlẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n mọ̀, bí wọn ò mọ̀.

Ẹ má bínú pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ló wá bá mi nílé. Ẹgbẹ́ wa pinnu pé ká yé kó ewì àti ìtàn wa kiri lórí tákàdá tí òjò ń pa. Ká kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan nínú kọ̀ǹpútà, kí olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ tí yóò máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí àwọn olóòtú mú èyí tó bá ti pé, kí ìwé wa lè máa jáde lásìkò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ló bá wa ya àwòrán bí yóò ṣe rí. Àwòrán yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè rí ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unix, ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Àwòṣe Unix yìí ni Linux, orí Linux sì ni Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó lé. Nínú irú ètò yìí, kò sí fáìlì tí kò ní ẹni tó ni ín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì, àfi bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá bi í léèrè pé: ṣé ìwọ lo ni ín? Bí kì í bá ṣe ìwọ, ṣé o wà nínú ẹgbẹ́ tí a fi fáìlì yìí sí lọ́wọ́? Bí o kò bá sí nínú ẹgbẹ́ náà, ará ìta ni ọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ohun mẹ́ta la lè gbà láyè tàbí ká fi dù ú: kó kà á, kó kọ nǹkan sí i, kó mú un ṣiṣẹ́. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ń ṣọ́ fáìlì kan. Ẹni tó ni nǹkan, ẹbí rẹ̀, àlejò. Kò sí ọmọ Yorùbá tó lè ní òun kò mọ ilé tó rí báyìí.

Ẹgbẹ́ ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń lo kọ̀ǹpútà kan, a lè máa fún wọn láṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá di ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Ta ni yóò rántí ohun tó fún ta ni? Ní ọdún 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ní kí n fi Yorùbá sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: ẹ má fún ènìyàn láṣẹ, ipò ni kí ẹ fún láṣẹ, kí ẹ wá fi ènìyàn sí ipò. Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rín pa mí. Ṣebí bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn! Ìyálóde la mọ̀, Ọ̀tún la mọ̀, Mógàjí la mọ̀. Ẹni tó bá wà lórí oyè la ń fi orúkọ oyè pè. Bó bá sì kú, kò ní gbé iṣẹ́ Ìyálóde dání lọ sọ́run. Oyè á dúró de ẹlòmíràn.

Ìdí pàtàkì wà tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú kọ̀ǹpútà, àkísà yìí ni àṣẹ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà padà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba owó, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi ìṣirò owó, wọ́n fún un ní ti ibẹ̀, wọn ò gba ti àkọ́kọ́. Wọ́n sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn ogún ọdún, bàbá yìí nìkan lè gba owó, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó jókòó tó pinnu pé kó rí bẹ́ẹ̀ o. Àkísà ló kó jọ. Bó bá jẹ́ pé ipò ló ni kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ tó bá kúrò nípò ni kọ́kọ́rọ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí dé ibí, mo fara mọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ni àtẹ̀gùn. Àwọn ipò kì í wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orí ara wọn ni wọ́n máa ń wà. Nítorí náà, dípò kí ẹni tó ń ṣètò máa ka gbogbo àṣẹ sílẹ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan, á kàn sọ pé kí ipò òkè jogún gbogbo ohun tí ipò ìsàlẹ̀ ní, kó wá fi tirẹ̀ lé e. Ọmọ ẹgbẹ́ lè kọ iṣẹ́ sínú àyè rẹ̀, kó kà á, kó pa á rẹ́. Olóòtú lè ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe, kó tún fi iṣẹ́ sínú ìwé. Ààrẹ lè ṣe gbogbo ohun tí olóòtú lè ṣe, kó tún gba ènìyàn wọlé tàbí kó lé e jáde. Ìlà mẹ́ta péré, iṣẹ́ ti parí. Àwòrán tí ọ̀rẹ́ mi yà gan-an nìyẹn, ó sì dùn ún wò.

Ẹ wá wo ohun tó sá pamọ́ sínú ìlà mẹ́ta yìí. Bí ààrẹ bá jogún àyè gbogbo wa, á jẹ́ pé ewì tí mo bẹ̀rẹ̀ lóru, tí mo kọ ìlà mẹ́rin, tí mo pa méjì rẹ́, tí mo dárúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ bóyá n ó fi í sílẹ̀, ààrẹ lè ṣí i kó kà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ò ní mọ̀. Olóòtú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó bi wá bóyá a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn ló bá wa fẹ́ ẹ.

Mo sọ èyí nípàdé, ariwo ta. Ẹnì kan ní kí ni mo ń fi pamọ́? Ìyẹn ò pẹ́ mi lọ́kàn. Ẹnì kejì ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé ó gún; bí a bá fi ènìyàn jẹ ààrẹ, ká fi í jẹ ààrẹ tán. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ló sọ èyí tó le jù. Ó ní bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kó iṣẹ́ oníṣẹ́ pamọ́ sí àyè tirẹ̀, tàbí tó ń kọ ohun tó lè ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ síbẹ̀, ta ni àwọn aláṣẹ máa pè? Ààrẹ ni. Ẹni tí wọ́n máa bi léèrè, ó yẹ kó lè rí nǹkan. A ò lè gbé ẹrù ka ènìyàn lórí, ká tún dì í lójú.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta yìí ni mo ti ń rò láti ìgbà náà, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹnì kejì lóhùn, ẹni tó ní àìfàgbà fẹ́nìkan.

Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́. Nínú agbo ilé Yorùbá, a kì í jiyàn pé baálé ni olórí. Òun ló ń parí ìjà, òun la ń kí ní òwúrọ̀. Síbẹ̀, owó ọjà ìyàwó rẹ̀, tìyàwó ni. Obìnrin Yorùbá ní òwò tirẹ̀, àpótí tirẹ̀, gbèsè tirẹ̀. Baálé tó bá lọ tú àpótí ìyàwó rẹ̀ kò lo àṣẹ baálé, olè ló jà. Pé kò gbọ́dọ̀ tú u kò sì dín ipò rẹ̀ kù. Ẹ tún gbójú sókè sí ọba fúnra rẹ̀. Ta ló ni adé orí ọba bí kò ṣe ọba? Síbẹ̀ èèwọ̀ ni, ọba aládé kì í bojú wo inú adé rẹ̀. Ó ń dé e, ó ń fi í jókòó láàrin ìlú, kò gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀. Àwọn tó dá èèwọ̀ yìí sílẹ̀ mọ̀ pé nǹkan lè jẹ́ ti ènìyàn, kó má sì lè ṣe gbogbo nǹkan sí i.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà ní èèwọ̀ tiwọn. Nínú Windows, a lè kọ ọ́ sára fáìlì pé ẹgbẹ́ báyìí lè ṣí i, a sì tún lè kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ báyìí kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ńkọ́? Bó bá jẹ́ ara fáìlì yẹn gan-an la kọ òfin méjèèjì sí, "kò gbọ́dọ̀" ló máa ń borí. Èèwọ̀ ju àṣẹ lọ. Ẹ ò rí i pé ayé kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ìwé kan tí Ravi Sandhu àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ní ọdún 1996 lórí irú àtẹ̀gùn yìí. Àwọn gan-an wà lára àwọn tó la àtẹ̀gùn yìí sílẹ̀ yékéyéké fún aráyé. Nínú ìwé kan náà, wọ́n sọ pé ìgbà mìíràn wà tí ó tọ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ní ohun kan tí ọ̀gá wọn kò ní jogún. Àpẹẹrẹ wo ni wọ́n mú? Iṣẹ́ tí kò tíì parí. Wọ́n ní a lè dá ipò kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí ẹnikẹ́ni lókè kò ní jogún, kí iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ máa gbé ibẹ̀. Wọn kì í ṣe akéwì o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wò ni wọ́n ń sọ.

Kí ló wà nínú iṣẹ́ tí kò tíì parí tí a fi ń dáàbò bò ó báyìí? Èmi rò pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ní ẹ̀tọ́ láti má tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń yọjú wo òun kò ní kọ ìlà tí kò dá a lójú. Èyí tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú ni yóò kọ, àkọ́kọ́ kọ́kọ́. Ewì tí a bá kọ lójú ọ̀gá, oríkì ọ̀gá ni yóò dà.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹnì kẹta lóhùn. Ó ní ẹni tó ń jíhìn gbọ́dọ̀ lè rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kíkó kèrègbè sílé kò sọ pé ohun tó bá há sínú rẹ̀ ti há títí ayé. A lè fọ́ kèrègbè. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á sì bèèrè ẹni tó fọ́ ọ àti ìdí tó fi fọ́ ọ. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní òkè òkun ń lo irú ọgbọ́n yìí nínú kọ̀ǹpútà wọn, fífọ́ dígí ni wọ́n sì ń pè é ní èdè tiwọn. Dókítà tí kò tọ́jú aláìsàn kan kì í lè ṣí ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé aláìsàn náà dé lóru, tí kò lè sọ̀rọ̀, dókítà tó wà níbẹ̀ lè fipá ṣí i. Á kọ ìdí tó fi ṣí i, ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó ṣí i, ẹlòmíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ẹ̀mí kò bọ́, àṣírí kò sì di ti gbogbo ayé. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí ààrẹ má lè ṣí àyè wa láé ni mò ń sọ. Kó má lè ṣí i ní ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń sọ.

Ẹlòmíràn á ní ewì lásán ni, kí ló dé tí mò ń pariwo? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀, ká mú èsì ìdánwò, torí ìyẹn ò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè pè ní lásán. Olùkọ́ ló ń kọ máàkì sílẹ̀, olórí ẹ̀ka ló ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ń buwọ́ lù ú. Ojú méjì ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí a fọkàn balẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà bá wá sọ pé olórí ẹ̀ka jogún gbogbo àṣẹ olùkọ́, á jẹ́ pé ẹni kan lè kọ máàkì kó sì buwọ́ lu ohun tó kọ. Ojú méjì ti di ojú kan. Kò sì ní jẹ́ pé olórí ẹ̀ka náà jẹ́ ènìyàn burúkú. Àtẹ̀gùn ló sọ ọ́ di ẹni tí a ò lè yẹ̀ wò mọ́.

Ohun tí irú èyí lè fà kì í ṣe àlọ́. Nick Leeson ń ṣiṣẹ́ fún báńkì Barings ní Singapore. Òun ni olórí àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà, òun náà tún ni olórí àwọn tó ń ṣe ìwé owó ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n tà. Ó fi àdánù pamọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888. Nígbà tí àṣírí tú ní 1995, ó ti tó mílíọ̀nù 827 owó pọ́n-ùn. Báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1762 wó, pọ́n-ùn kan ṣoṣo ni wọ́n tà á fún ING. Wọ́n fi ẹni kan náà sídìí ọjà, wọ́n fi í sídìí ìwé ọjà.

Àwa náà kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti ka Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ mọ ibi tí mò ń lọ. Ní Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn sì ni wọ́n lè sọ fún Aláàfin pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ bíréèkì ni iṣẹ́ wọn. Láti nǹkan bí 1754, Gáà gbá bíréèkì mú, ó sì gbá sítíárìn mọ́ ọn. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó tọ́ sí ààfin. Ó di 1774 kí Aláàfin Abíọ́dún tó rí i mú. Ẹni tí a fi ṣe olùyẹ̀wò ló sọ ara rẹ̀ di aláṣẹ, kò wá ku ẹni tí yóò yẹ olùyẹ̀wò wò.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí inú kọ̀ǹpútà. Nínú Unix, root ni orúkọ rẹ̀, òdo sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Kíkà àti kíkọ tí a fi du ènìyàn, a ò lè fi du root. Á kàn kọjá ni. Ká bi í kò sí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń jókòó sídìí root kì í sábà jẹ́ ọ̀gá. Ní ọdún 2013, Edward Snowden kó ìwé àṣírí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà fún àwọn oníròyìn. Àwọn kan pè é ní akọni, àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ìjà yẹn kọ́ ni mo bá wá. Ipò rẹ̀ ni mò ń wò. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Lórí àtẹ̀gùn iṣẹ́, ìsàlẹ̀ ló wà; lórí àtẹ̀gùn kọ́kọ́rọ́, ó ga ju ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Keith Alexander, tó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà náà, kéde pé ó di ẹni méjì kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣeé ṣe. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1975: àpótí tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ méjì dára ju èyí tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí, ìwọ̀n àṣẹ tí iṣẹ́ ènìyàn bá sì fẹ́ ni kí a fún un, kó má lé.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ibì kan ló ń lọ. Lójú tèmi, àgbà àtijọ́ kò dúró lórí àṣẹ nìkan. Ìtìjú wà. Èèwọ̀ wà. Àwọn aládùúgbò wà tí wọ́n á ní "bàbá, irú èyí kọ́." Baálé kì í tú àpótí ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe torí pé àgádágodo le, bí kò ṣe pé ojú á tì í. Nígbà tí a wá gbé àtẹ̀gùn àgbà sínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ nìkan la gbé wọlé. Ìtìjú kò bá a wọlé, torí ẹ̀rọ kò mọ ìtìjú. Ẹni tó ń ka ìwé oníwèé lóru nínú yàrá rẹ̀, ta ló ń wò ó? Nítorí náà, ẹni tó bá ní àṣà wa ló ní kí òun fi ààrẹ sókè gbogbo ilẹ̀kùn, ìdajì àṣà ló mú. Ìdajì tó mú, ìyẹn ló dùn mọ́ ọ̀gá.

Ìṣẹ̀dá ló fún kèrègbè ilé wa ní ọrùn tóóró. Kèrègbè inú kọ̀ǹpútà kò ní ọrùn kankan àfi èyí tí ènìyàn bá fún un. Bí ẹni tó ń ṣètò bá sọ pé "ọ̀gá jogún gbogbo ẹ̀," ó ti gé ọrùn kèrègbè nù, ó sì sọ pé òun kò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti dá sí i.

Ohun mẹ́ta ni mo gbé síwájú ìpàdé. Èkíní, kí iṣẹ́ tí ènìyàn kò tíì fà kalẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tó bá ní "ó pé" ni olóòtú á rí i. Èkejì, bí ìdí bá wà láti ṣí àyè ẹnikẹ́ni, kí ó jẹ́ ààrẹ àti ẹni kan tí kì í ṣe ìgbìmọ̀ ni wọ́n á jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí onítọ̀hún gbọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní ìlà mẹ́ta á di ìlà mọ́kànlá, pé kò wúwo. Ìpàdé gba èkíní àti èkejì. Ẹ̀kẹta ló kù, torí àwọn kan ní bí a bá sọ fún olè pé a ń bọ̀, á kó ẹrù sá.

Èsì mi kò gùn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i tán ni kí ó gbọ́, kì í ṣe kí wọ́n tó ṣí i. Olè kò ní rí ibi sá sí. Ẹni tí kì í ṣe olè náà á sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ ibi tí ewì òun ń sùn, á sì lè dìde bèèrè ìdí. Bí kò bá lè bèèrè, kí la fẹ́ fi orúkọ ẹni méjì tó wà lórí ìwé ṣe? Ìwé tí onínǹkan kò rí, ọ̀rọ̀ àárín àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di ọ̀gá lọ́la. Àwa la máa jókòó níwájú ẹni tó ń ṣètò, tó ń bi wá pé, "Ṣé kí n jẹ́ kí ẹ lè rí gbogbo ẹ̀?" Á dùn mọ́ wa láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó nawọ́ sókè, ẹ lọ wo inú ìwé tí ẹ ń kọ lọ́wọ́, ẹ wá ìlà tí ẹ kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, kí ẹ wá pinnu.